Àṣàkẹ́ Onítírélà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Màmá

Ní Èkó yìí, kò sẹ́ni tó ń kú tí kì í di èèyàn jẹ́jẹ́. Alágídí á kú, wọ́n á ní oníwà tútù ni. Ahun tí kì í fi iyọ̀ tọrẹ á kú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sínú ìwé ètò ìsìnkú pé ọlọ́wọ́ ṣíṣí ni. Nígbà tí màmá àgbà mi kú, alákòóso ìjọ wọn dúró níwájú pósí, ó fi aṣọ ìnujú nu ojú tí kò tutù, ó ní, "Ìyá wa yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé." Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gbogbo àwọn tí Màmá ti bá jà ló jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ dúdú, tí wọ́n ń mirí, tí wọ́n ń ṣe àmín. Alákòóso fúnra rẹ̀, kò tíì pẹ́ tí Màmá lé e jáde ní pálọ̀ torí pé ó gbé ife tíì lé orí àwòrán.

Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n da irú irọ́ bẹ́ẹ̀ bo ìyá náà mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi jókòó kọ èyí.

Màmá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo Agége ń pè wọ́n. Agége ni ilé búrẹ́dì wọn wà, Onígbòǹgbò ni wọ́n ń gbé, inú ilé tí bàbá àgbà mi kọ́ kó tó kú. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Èdè wọn ti fara mọ́ ti Èkó tán, àyàfi tí inú bá ń bí wọn. Tí ẹ bá ti gbọ́ "ulé" lẹ́nu wọn dípò "ilé", ẹ tètè máa wá bàtà yín. Wọn kì í sì í fi "ẹ" kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá, dókítà, bíṣọ́ọ̀bù, "ìwọ" ni gbogbo wọn. Wọ́n ní Ọlọ́run gan-an, "ìwọ" ni àwọn ń pè é tí àwọn bá ń gbàdúrà, kò sì tíì ráhùn.

Búrẹ́dì ni ayé mọ̀ mọ́ wọn. Ohun tí ayé kò mọ̀ ni pé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, níbi tí àwọn ìyá àgbà yòókù ń kó aṣọ òkè àti abọ́ tánńganran sí, ojúlówó àwòrán kọ́míìkì ló wà níbẹ̀. Mi ò sọ ìwé kọ́míìkì o. Páálí funfun ńláńlá ni mò ń wí, èyí tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa íǹkì sí, kí ilé ìtẹ̀wé tó yà á ní fọ́tò, kí wọ́n tó wá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún àwa ará ìta. Ìyá arúgbó tó ń lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn ìyá, tó sì jẹ́ pé ohun tó tò sábẹ́ ibi tó ń sùn ni obìnrin kan tó ń wa tírélà, tó ń gbá àwọn fàyàwọ́ létí. Ẹ rántí pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ní wọ́n.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Láyé ìgbà yẹn ọ̀rá kò tíì gba gbogbo ayé kan, pépà ni wọ́n fi ń wé búrẹ́dì. Ilé ìtẹ̀wé kan wà láàárín àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìkẹjà, tó máa ń di pépà tí kò wúlò fún un mọ́ ní ìdì-ìdì, tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lọ kó. Ilé ìtẹ̀wé náà ló ń gbé ìwé alàwòrán kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìtàn Àṣàkẹ́ Onítírélà. Àṣàkẹ́ yìí, gbogbo Agége ló mọ̀ ọ́n. Ó ń wa tírélà láti Èkó dé Kánò, ó ń lu àwọn ọlọ́ṣà lọ́nà, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan sì ń fẹ́ ẹ tí kò gbà. Àwọn ìyá ìjọ bú u títí. Kí a má parọ́, bí wọn ò bá kà á, ibo ni wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń bú?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá tú ìdì pépà kan, páálí kan já bọ́. Àṣàkẹ́ nìyẹn nídìí ọkọ̀, apá rẹ̀ yọ síta lójú fèrèsé, ó sì di eyín pinpin. Ó tóbi ju bó ṣe máa ń rí nínú ìwé lọ, íǹkì ara rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé kò tíì gbẹ. Màmá jókòó lórí àpò fúláwà, wọ́n ń wò ó. Wọ́n wò ó títí tí búrẹ́dì inú ààrò fi di èédú. Bàbá àgbà sáré wọlé láti inú èéfín, ó ń kígbe pé kí ló dé, pé àwọn oníbàárà ti tò síta, kí ni ìyàwó òun ń ṣe. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ló sọ fún mi pé Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Búrẹ́dì, wọ́n á jẹ ẹ́ tán lónìí, wọ́n á tún béèrè òmíràn lọ́la. Èyí, ta ló máa bá mi ṣe òmíràn?"

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti ń gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ fún ẹni tó ń tọ́jú pépà nílé ìtẹ̀wé náà, pé kó má di irú páálí bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn yòókù mọ́. Ọkùnrin náà rò pé orí obìnrin yìí ti gbóná jù nídìí ààrò. Ṣùgbọ́n kò kọ búrẹ́dì. Bí ilé ìtẹ̀wé ṣe ń dà á nù, bẹ́ẹ̀ ló ń wọlé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, títí ìwé náà fi kógbá sílé, tí ilé ìtẹ̀wé fi di ilé ìtajà fíríìjì.

Àwa ọmọ-ọmọ mọ òfin bẹ́ẹ̀dì yẹn ju Òfin Mẹ́wàá lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ dòdò kò gbọdọ̀ sún mọ́ yàrá náà. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, Màmá á kó wọn jáde sí pálọ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn, a ó sì tò síwájú wọn, wọ́n á ní, "Ọwọ́ dà?" A ó na ọwọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n á wò ó o, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá yege nìkan ló lè fi ìka kan kan íǹkì náà pẹ́rẹ́, kó lè mọ̀ pé ó wú díẹ̀ lójú páálí. Tí a bá bi wọ́n pé kí ló wá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé, ṣebí obìnrin kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, wọ́n á wò wá bíi pé ọmọ aládùúgbò ni wá. Wọ́n á ní, "Ìwé tí wọ́n tẹ̀, ìròyìn ni. Èyí, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló dé síbí."

Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí wa ò kéré. Mo ní ẹ̀rí. Lọ́dún kan tí mo lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, òjò ńlá dé, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Màmá fò dìde bí ọmọge. Wọ́n gbé páálí àkọ́kọ́ sórí tábìlì, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n fi ọ̀rá bò wọ́n, wọ́n fi aṣọ ìkélé wọn bo ọ̀rá, wọ́n gbé abọ́ síbi tó ń jò. Èmi ṣì wà lórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń kán sí mi létí. Mo ní, "Màmá, èmi ńkọ́?" Wọ́n bojú wẹ̀yìn, ó dà bíi pé ó yà wọ́n lẹ́nu pé mo wà nínú ilé. Wọ́n ní, "Ìwọ? Ara rẹ á gbẹ."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àkọ́bí Màmá, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì GRA torí pé inú Ìkẹjà GRA ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé. Dádì GRA kórìíra àwọn páálí yẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, "ìdọ̀tí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì" ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ní ẹja gbígbẹ ló yẹ kí wọ́n fi wé. Àfi ọjọ́ kan tí ọ̀rẹ́ wọn kan, olówó bíi tiwọn, sọ níbi àsè pé àwọn òyìnbó ń wá irú ojúlówó kọ́míìkì ilẹ̀ Áfíríkà bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, Dádì GRA ti dé Onígbòǹgbò pẹ̀lú dírẹ́bà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ ò rí i pé ogún ìdílé wa lèyí jẹ́? Ó yẹ kí ọ̀kan wà ní pálọ̀ mi." Màmá ń to àkàsù búrẹ́dì sínú apẹ̀rẹ̀. Wọn ò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Kí lo wá fẹ́ fi wé ẹja gbígbẹ rẹ?"

Dádì GRA kò jáwọ́. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá, ẹni tó ní gálárì, ilé ìpàtẹ àwòrán, ní GRA. Ọ̀dọ́kùnrin náà mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán bí òdòdó. Ó jókòó, ó ṣí báàgì, ó mú ìbọ̀wọ́ funfun jáde, ó ń wọ̀ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀ bíi dókítà. Màmá wo ìbọ̀wọ́ náà. Wọ́n ní, "Ṣé àwòrán náà ń ṣàìsàn ni?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ìlà àti òjìji àti ipò obìnrin láwùjọ. Ó sọ̀rọ̀ títí. Màmá ní kí n gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún àlejò. Ó yára gbọn orí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, mi kì í jẹ búrẹ́dì. Ara mi ò gbà á." Màmá dìde. Wọ́n bá a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba búrẹ́dì mi, kí ló fẹ́ fi Àṣàkẹ́ mi ṣe? Ìgbẹ́ gbuuru ló máa kó bá a."

Ìbínú ọkùnrin yìí ló fa ìyókù ọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá lé e, ó lọ wá ẹni tó ya àwọn àwòrán náà, bóyá ìyẹn á lè gbà wọ́n padà fún un. Ó sì rí i. Gbogbo wa la rò pé ayàwòrán náà ti kú tàbí ó ti rìnrìn àjò. Agége ló wà, kò jìnnà sí ilé búrẹ́dì, ó ti di Ajíhìnrere Jóòbù. Ó ti ronú pìwà dà kúrò nínú íǹkì. Òun náà rò pé ilé ìtẹ̀wé ti dáná sun gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn iṣẹ́ náà wà láàyè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ìjọ kan, kò ronú kan gálárì kankan. Ó ní Èṣù ti tọ́jú ẹrù òun de òun. Ó dìde láti lọ sun wọ́n.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ọ̀sán ni, oòrùn ń mú. Ó kó arákùnrin méjì àti arábìnrin kan dání láti inú ìjọ rẹ̀, kẹrosíìnì wà nínú ìgò omi, ìṣáná wà lọ́wọ́ arábìnrin. Jóòbù fúnra rẹ̀ jẹ́ bàbá tínínrín kan, kóòtù rẹ̀ gùn ju apá rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Màmá, ẹ kú ilé o. Ọlọ́run ló rán mi sí yín."

Màmá ní, "Ó rán ọ lọ́sàn-án gangan, kò fún ọ ní agboòrùn? Jókòó."

"A ò ní jókòó, mà. Iṣẹ́ òkùnkùn ọwọ́ mi ló wà nínú ilé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn jáde, ká sun wọ́n, kí ẹ̀yin àti èmi lè bọ́."

Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ lo ya Àṣàkẹ́?"

"Èmi ni, kí n tó mọ Olúwa."

"Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń wo obìnrin yẹn, mo rò pé ẹni tó yà á á ga jù báyìí lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè àjèjì gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Màmá nawọ́ sí i pé kó dákẹ́. Wọ́n kọjú sí Jóòbù. "Ìwọ lo yà á lóòótọ́, àmọ́ ìwọ náà lo fi í sílẹ̀ kí wọ́n fi wé búrẹ́dì. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu ààrò. Kò sẹ́ni tó máa wá dáná sun nǹkan nínú ulé mi láìwo ohun tó fẹ́ sun." Mo gbọ́ "ulé" yẹn, mo ti ń wá bàtà. "Wọlé, kó o fọ ọwọ́ rẹ. Wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mú ẹyọ kan nínú wọn, èyí tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ burú jù, mo fún ọ. Sun ún. Ábúráhámù, àgbò kan péré ló sun, Ọlọ́run sì gbà á."

Àwọn ará ìjọ wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó lè bá Ábúráhámù jiyàn. Wọ́n wọlé, wọ́n fọ ọwọ́, Màmá gbóòórùn ọwọ́ wọn, títí kan ti Ajíhìnrere.

Mo ń kó wọn jáde, Jóòbù ń wò. Páálí àkọ́kọ́, ó dì í mú ní ìkángun bí ìkòkò gbígbóná, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkejì náà, bákan náà. Nígbà tó dé èyí tí Àṣàkẹ́ ti ń wẹ̀ lódò ní Jẹ́bà, tí èjìká rẹ̀ hàn, arábìnrin pariwo, ó ní, "Jésù! Èyí gan-an ni!" Àwọn arákùnrin méjèèjì gbà á lọ́wọ́ Jóòbù, wọ́n ń wò ó. Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé kó lè dá wọn lójú pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Màmá ní, "Ẹ farabalẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ kankan sá pamọ́ fún yín."

Jóòbù kò tilẹ̀ gbọ́ wọn. Ó ti mú òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ti falẹ̀. Ó ń wo ojú ọ̀run kan tó ṣú dùdù lórí afárá, ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi ṣe èyí. Mi ò rí irú rẹ̀ ṣe mọ́." Ó mú òmíràn. "Ibà ló ń ṣe mí nígbà tí mo ya èyí." Ó mú òmíràn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn, ojú lándílọ́ọ̀dù òun lòun fún un. Ó ti jókòó. Mi ò mọ ìgbà tó jókòó. Ó ti bọ́ kóòtù. Àwọn ará ìjọ ń wò ó, ìgò kẹrosíìnì wà lórí itan arábìnrin bí ọmọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á.

Nígbà tó wò wọ́n tán, Màmá ní, "Ó yá. Èwo?"

Arábìnrin na ọwọ́ sí ti odò Jẹ́bà. Jóòbù kò wo ibẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fa páálí kan yọ. Àṣàkẹ́ ló wà níbẹ̀ lórí ẹṣin, ní Kánò, aṣọ rẹ̀ bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Arákùnrin kan ní, "Ajíhìnrere, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn o. Ẹṣin ni."

Jóòbù ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

A wò ó. Ká sọ òótọ́, ẹsẹ̀ ẹṣin náà tẹ̀ síbi tí kò yẹ. Ewúrẹ́ tí wọ́n dì ní gàárì ló jọ.

"Ó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ tí mo ti yà á," Jóòbù wí. "Kò sí alẹ́ tí mo máa dùbúlẹ̀ tí mi ò ní rántí ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sun ún."

Màmá wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bá mi lé ẹranko yẹn lọ!" A jáde sẹ́yìnkùlé. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Bí èéfín ṣe ń lọ sókè, Màmá na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀run, wọ́n ní, "Ẹ ṣe àmín dáadáa. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ẹṣin yẹn."

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo bá Màmá lórí àga ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wo eérú. Mo ní ṣé ó dùn wọ́n ni. Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹṣin náà ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó yà á kò mọ̀."

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá yẹn, ibẹ̀ ló wà. Ẹni tí kò jẹ́ kí òjò kán sí páálí, tó jẹ́ kí ó kán sí mi, ló gbé èyí tó fẹ́ràn jù fún iná, kí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí lè gba ọwọ́ ara rẹ̀ padà. Tí ẹ bá sì sọ fún wọn pé oore ni wọ́n ṣe, wọ́n á lé yín jáde.

Láti ìgbà náà, Ajíhìnrere Jóòbù ń wá lọ́jọ́ Sátidé láti wàásù fún Màmá. Ohun tó sọ fún ìjọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ọkàn ìyá náà le, ó máa gba àkókò. Ó gbà á lọ́pọ̀ ọdún. Á dé, á ṣí Bíbélì, Màmá á ní kó kọ́kọ́ sọ ìdí tí Àṣàkẹ́ kò fi fẹ́ ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù. Á ní òun kò rántí. Màmá á ní irọ́ ni. Wọ́n á jà. Jóòbù á kó ìwé rẹ̀, á ní òun ò ní padà wá mọ́, á jẹ búrẹ́dì kó tó lọ, á padà wá ní Sátidé. Ìyá mi bi í lọ́jọ́ kan pé báwo ni iṣẹ́ ìwàásù. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìyá yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lọ́kàn padà."

Nígbà tó yá, ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Dókítà ṣe títí, kò gbọ́. Wọ́n á ní kí n gbé páálí kan, kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn. Mo ní, "Obìnrin kan wà nínú tírélà. Òkè wà lẹ́yìn rẹ̀." Wọ́n ní ṣé fọ́ọ̀mù báńkì ni mò ń kà fún àwọn ni. Jóòbù ló mọ̀ ọ́n sọ. Á sọ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ń gbóná, á sọ ohun tí Àṣàkẹ́ jẹ kó tó gbéra, àwọn nǹkan tí kò sí nínú àwòrán rárá. Màmá á di ojú, wọ́n á máa mirí. Mo fẹ̀sùn kàn án lọ́jọ́ kan pé irọ́ ló ń pa fún arúgbó. Màmá ló dá mi lóhùn: "Jẹ́ kó parọ́. Òun ló ni ín."

Wọ́n kú láàárọ̀. Mo gbé ẹ̀kọ mímu fún wọn, wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n gbé ife padà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ, omi tó gbọ́ ìròyìn ògì ni." Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́. Àwọn ẹlòmíì, ìbùkún ni màmá àgbà wọn fi ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ìjà tó kù ni ti fọ́tò. Dádì GRA ló ń ṣètò ìwé ìsìnkú, wọ́n sì ti gbé fọ́tò Màmá kan fún àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà. Àwọn yẹn fọ ara rẹ̀ funfun, wọ́n kun ètè rẹ̀, wọ́n yọ gbogbo ìhunjọ ojú rẹ̀ kúrò. Ìyàwó gómìnà ló jọ. Jóòbù wá kí wa kú ìdárò, Dádì GRA fi fọ́tò náà hàn án tayọ̀tayọ̀.

Jóòbù ní, "Ta rèé?"

"Màmá ni, Ajíhìnrere."

"Wọ́n ti kú. Ẹ má tún pa wọ́n." Ó ní kí n bá òun wá páálí.

Ó jókòó sídìí fèrèsé pálọ̀, ó ya Màmá láìwo ohunkóhun. Ìpéǹpéjú ọ̀tún gòkè. Ojú yẹn mọ̀ pé o ti ṣe nǹkan kan. Ẹnu ṣí díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé etí eyín. Nígbà tó gbé e dúró, gbogbo wa tó wà ní pálọ̀ ló tún ìjókòó ṣe.

Dádì GRA gbaná jẹ. "Kọ́míìkì lẹ fẹ́ kí n fi sin ìyá mi? Àwọn èèyàn mi ń bọ̀ láti ọ́fíìsì!" Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀, a ò tíì mọ ibi tó máa já sí, ni ìyá mi bá jáde láti kíṣíìnì, tí kò mọ ohun tó ń lọ. Ó rí àwòrán náà lórí àga. Ó dúró gbọnrangandan, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó ní, "Màmá, mo ti fẹ́ fọ àwọn abọ́ náà."

Kò sẹ́ni tó tún jiyàn. Àwòrán náà ló wà lójú ìwé ìsìnkú, ó sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí kò parọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn páálí ṣì wà ní Onígbòǹgbò. Ìdílé ní kí n máa tọ́jú wọn, Jóòbù sì ń wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sìnkú tán, a wá àwòrán Màmá tì. A tú gbogbo ilé. Mo tiẹ̀ fura sí ọkùnrin gálárì. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé mo lọ jíṣẹ́ fún Dádì GRA nílé wọn, mo sì rí àwòrán náà lára ògiri pálọ̀ nínú férémù oníwúrà, ní ibi tí fọ́tò ìgbà tí wọ́n gba oyè wà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́ sí mi létí pé òun ti gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí yàrá, pé òun ò lè jókòó síbẹ̀ mọ́, gbogbo ìgbà ni Màmá ń wo ohun tí òun wọ̀.

Dádì GRA jáde, wọ́n rí mi níwájú àwòrán náà. Mo rò pé wọ́n máa purọ́. Wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

Wọ́n ní, "Sún mọ́ ọn. Wo ibi ẹnu yẹn. Ṣé o rí ìlà pẹ́ńsùlù tó wà lábẹ́ íǹkì? Pípadé ni Jóòbù kọ́kọ́ ya ẹnu Màmá." Wọ́n fi ìka tẹ̀lé ìlà náà. "Ó wá rántí."